Ẹ Má Tíì Format Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Ilé

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, gbólóhùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó wà nítòsí. "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́." "Ẹ lọ format ẹ̀." Onílé á gbé e lọ bá ẹnjiníà, wọ́n á format rẹ̀, á yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì tún padà sí ìwà àtijọ́. Nígbà yẹn, àwòrán ìsọmọlórúkọ ti bá a lọ, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ ti bá a lọ, ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sì ṣì wà lára rẹ̀.

Ohun tí format sábà máa ń ṣe kò ju pé ó ń nu àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà kúrò lórí hard disk, kí wọ́n lè ráyè fi Windows tuntun sí i. Kì í gbá eruku. Kì í mú ooru rọlẹ̀. Kò lè tún hard disk tó ti ń bàjẹ́ ṣe. Bí àìsàn náà bá wà nínú Windows tàbí nínú àwọn ètò tí a kó sórí rẹ̀, format á wò ó. Bó bá wà níbòmíràn, owó àti fáìlì la fi ṣòfò. Lójú tèmi, ibòmíràn yìí ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa: iná, ooru, tàbí hard disk tó ti gbó.

Ọgbọ́n tó ti pẹ́ nílẹ̀

Bí a ṣe ń wá àìsàn kọ̀ǹpútà ti wà láti ayébáyé kọ̀ǹpútà. ENIAC, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania nílùú Philadelphia lọ́dún 1946, ní gílóòbù tó tó nǹkan bí 18,000 nínú, irú èyí tó máa ń pọ́n yòò nínú rédíò àtijọ́. Bí ọ̀kan péré bá jó, ìṣirò lè dàrú. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀. Wọ́n á fún un ní ìṣirò tí wọ́n ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo ibi tí èsì ti yà, wọ́n á sì máa dín ibi tí wọ́n ń wò kù títí wọ́n á fi kan gílóòbù tó kú. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé ìgbà tí wọ́n bá ń tan án tàbí tí wọ́n bá ń pa á ni gílóòbù máa ń jó jù, wọ́n bá kúkú ń fi í sílẹ̀ ní títàn tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń lo iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lónìí mọ ohun tí ojú wọn rí.

Òfin méjì péré ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí kò náni lówó, tí kò sì lè ba nǹkan jẹ́, ni kí a kọ́kọ́ dán wò. Ohun tí a kò lè dá padà, bíi format, ni kó kẹ́yìn. Òfin kejì ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni ká máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ ṣájà, tó tú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), tó sì pa ètò márùn-ún rẹ́ ní ọ̀sán kan náà kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Iná

Ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù yín padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó lè gba iná láti 100 dé 240 fólítì, tó sì ń sọ ọ́ di bíi 19 kó tó dé inú láptọ́ọ̀pù. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230 ni wọ́n ní kó jẹ́. Nítorí náà, iná tó rẹlẹ̀, tí gílóòbù ilé ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í sábà pa láptọ́ọ̀pù. Iná tó ga ló ń pà á. Ó lè ga nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí wáyà neutral bá já lórí òpó: iná tó yẹ kó jẹ́ 230 lè máa sáré lọ sí ìtòsí 400 nínú ilé kan, kó sì rẹlẹ̀ nínú ilé kejì. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n ilé mẹ́ta fi máa ń jó lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí iná bá dé kẹ́ ẹ tó fi í padà.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ewu kan tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn àtijọ́ inú wọn, pàápàá tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, ní súwíìṣì pupa kékeré kan lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 120 lọ, 115 ni wọ́n sì máa ń fi í sí lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kàn gbé e délé tó tì í bọ iná tiwa, gbàmù ló máa gbọ́, òórùn á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe stabilizer àti UPS ní nǹkan kan náà. Stabilizer ń gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń mú èyí tó ga wálẹ̀ dé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. UPS ní bátìrì nínú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń fúnni wà fún kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ wa pamọ́, ká pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń fi í wo bọ́ọ̀lù títí eré fi parí ń pa bátìrì náà ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, bí epo bá fẹ́ tán nínú rẹ̀, á máa sáré, á máa fà sẹ́yìn, iná rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí epo tó tán.

Bó bá wá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ̀, kò tàn rárá ńkọ́? Láti ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki nǹkan mìíràn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ká mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ ṣí orí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fíúùsì wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló jó. Bí ìyẹn bá dáa, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ó jọ àwàdà, ṣùgbọ́n iná díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù nínú kọ̀ǹpútà tí a ti pa, ó sì lè dá a dúró sí ibi tó há sí. Bó bá ti gbẹ tán, ẹ fi ṣájà nìkan sí i, kẹ́ ẹ tún tàn án. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fẹ́ tà bíi pàǹtírí ti jí lọ́nà yìí.

Bí fáànù bá ń yí, tí iná kíbọ́ọ̀dù ń tàn, àmọ́ tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lójú ní ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rí àwòrán fírífírí lẹ́yìn òkùnkùn náà, kọ̀ǹpútà kò ṣàìsàn. Iná ẹ̀yìn síkírínì ló kú. Ẹ sì lè fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá sí àwòrán níbì kankan, tó ń ké píì-píì-píì, RAM ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín góòlù ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ tì í padà títí yóò fi dún kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iná tó wà lára èèyàn lásìkò ọyẹ́ lè pa RAM láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n lára.

Ooru àti eruku

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan fáírọ́ọ̀sì jù.

Processor tó ń ṣe gbogbo ìrònú kọ̀ǹpútà máa ń gbóná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe kó má kọjá nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ibi tí omi ti ń hó. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dẹsẹ̀ dúró: á dín iye iṣẹ́ tó ń ṣe kù kó má bàa jó. Èèyàn á wá máa sọ pé "ó ń hang". Bí ooru bá ṣì ń pọ̀ sí i, á pa ara rẹ̀ fìì, láìkìlọ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Kọ̀ǹpútà tó yá ní àárọ̀, tó wá di ìgbín lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí fáànù rẹ̀ ti ń kùn hùùù, ooru ló ń bá jà. Bí a bá format rẹ̀, á yá díẹ̀ nítorí Windows tuntun kò ní ẹrù púpọ̀ láti gbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ti kó ẹrù lé e lórí padà.

Ẹni tó bá tú láptọ́ọ̀pù tó ti la ọyẹ́ méjì mẹ́ta kọjá á rí ohun tí mò ń wí. Láàárín fáànù àti àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà jáde, eruku ti so mọ́ra, ó ti nípọn, irun àti òwú ìbùsùn ti wọnú rẹ̀, odindi ni èèyàn sì lè fi ìka ká a jáde. Fáànù ń yí, kò sí ibi tí atẹ́gùn máa gbà. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé lé orí ìbùsùn tàbí ìrọ̀rí ló máa ń burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ihò tó fi ń mí wà ní ìdí rẹ̀, aṣọ sì ń dí i.

Láti gbá a, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ yọ bátìrì. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kékeré tó rọ̀, tó sì gbẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan di ọwọ́ fáànù mú kó má yí, torí eré àsápajúdé lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ á bá a wọlé. Láàárín processor àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, wọ́n máa ń fi thermal paste sí. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan á gbẹ, á sì máa ṣẹ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò gbówó lórí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín kò bá balẹ̀ pẹ̀lú súkúrúù kéékèèké, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ṣe é. Ẹ sọ fún un pé ìyẹn gan-an lẹ fẹ́ kó ṣe.

Bátìrì tó bá wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má lu ú, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ó lè gbiná.

Ìfalẹ̀ tí kì í ṣe ti ooru

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ó falẹ̀ nítorí fáìlì ti kún un, wọ́n á wá máa pa fọ́tò rẹ́. Ká lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó kó aṣọ àwọn oníbàárà sí ni hard disk. Orí tábìlì tó ti ń gé aṣọ ni RAM. Aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lè pọ̀ kó má dí i lọ́wọ́, bí àyè díẹ̀ bá ṣáà wà. Tábìlì tó bá kéré ni wàhálà, nítorí gbogbo ìgbà ló máa dìde lọ gbé èyí padà kó tó mú òmíràn. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kéré ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ń fi hard disk ṣe tábìlì.

Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ìwé kan á ṣí tí á fi iye tí processor, RAM àti disk ń lò hàn. Bí RAM bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ dín ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣí kù, tàbí kẹ́ ẹ ra RAM kún un. Bí disk bá wà ní 100%, tí kò sì kúrò níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ṣe nǹkan kan, hard disk ni kẹ́ ẹ fura sí. Nínú hard disk láptọ́ọ̀pù, àwo kan wà tó ń yí, ó sábà máa ń tó ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Bí láptọ́ọ̀pù bá já bọ́ nígbà tó ń yí, orí yẹn lè ha àwo náà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ-kọ-kọ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe ohunkóhun mọ́ ju kẹ́ ẹ kó fáìlì yín jáde.

Fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ṣì ń lo hard disk tó ń yí, n kò mọ àtúnṣe tó tún dára ju kí a pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD, tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Ẹ̀rọ tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta jí á máa jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Owó format ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta ìbá ti kún un.

Àṣà méjì kan wà tí kò ṣe nǹkan kan. Èkíní ni "refresh" tí àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ léraléra lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwòrán orí síkírínì nìkan ló ń tún yà; kò fi nǹkan kan kún eré rẹ̀. Èkejì ni kí a pa kọ̀ǹpútà ká tún tàn án nítorí pé ó ń ṣe ségesège. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde lọ́dún 2012, "Shut down" kì í sábà pa gbogbo rẹ̀. Ó máa ń tọ́jú apá kan Windows sórí disk kó lè tètè jí, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ á sì bá a jí. "Restart" ló ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ tẹ ìyẹn.

Fáírọ́ọ̀sì, àti ohun tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì

Fáírọ́ọ̀sì wà lóòótọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù ni ti fláàṣì tí wọ́n ti kì bọ kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé: fódà á pòórá, ọ̀nà àbùjá kan tó jọ ọ́ á gba ipò rẹ̀. Fáìlì kò lọ síbì kankan, fáírọ́ọ̀sì náà kàn fi í pamọ́ ni. Ẹ má tẹ ọ̀nà àbùjá náà, torí òun ló ń jí fáírọ́ọ̀sì. Ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fláàṣì. Bó bá jẹ́ F, ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d F:\*.* kẹ́ ẹ tẹ Enter, fáìlì á jáde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí Windows Defender yẹ fláàṣì náà wò. Láti Windows 8 ni Defender tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì ti ń bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó fún ilé. Kíkó agbógunti-fáírọ́ọ̀sì méjì sórí kọ̀ǹpútà kan ń mú kí wọ́n máa bá ara wọn jà, kọ̀ǹpútà á sì falẹ̀ sí i.

Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbo èèyàn dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kò túmọ̀ sí pé ó kú. Ihò tuntun tí àwọn olè bá rí lára rẹ̀ ni wọn kì í dí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi í wo báńkì gbọ́dọ̀ rò ó wò.

Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀, wọ́n ní ọ̀nà náà kò láàbò. Ẹ wo aago ìsàlẹ̀ síkírínì. Bó bá ń sọ pé ọdún 2009 la wà, bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ló ti kú nínú rẹ̀. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, ojú ewé á ṣí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bó bá di ti ẹnjiníà

Format náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí Windows bá ti bàjẹ́ débi pé kò jí mọ́, tí hard disk sì yè, tàbí bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà, ẹ format rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ kó fáìlì yín sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé yín. Bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, ẹ má kọ ohunkóhun sórí disk náà mọ́, nítorí fáìlì tí a pa rẹ́ ṣì máa ń wà lórí hard disk títí òmíràn á fi gba àyè rẹ̀. Ti SSD kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tètè nù ún.

Tẹ́ ẹ bá délé iṣẹ́ ẹnjiníà, ní Ìkẹjà tàbí ní ìkóríta àdúgbò yín, ẹ má sọ pé "ó ti bàjẹ́". Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ariwo tó pa, ọ̀rọ̀ tó kọ sójú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà kó tó pòórá. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára RAM àti hard disk yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀, torí wọ́n lè pààrọ̀ ohun tó dáa sí èyí tó kéré. Ohunkóhun tó bá ní òun pààrọ̀, ẹ ní kó kó àtijọ́ fún yín, pàápàá hard disk. Àwọn fọ́tò yín ṣì lè wà lórí rẹ̀.